Kọ̀ǹpútà Olójú Méjì àti Etí Kejì

Ẹ̀yin ọmọ mi, mo ti ń wò yín láti ìgbà tí a ti jẹun tán. Ẹ pé márùn-ún nínú yàrá yìí, fóònù márùn-ún ló wà lọ́wọ́ yín, gbogbo yín lẹ sì fi nǹkan dí etí. Mo béèrè lẹ́ẹ̀mejì pé ta ló gbé ọ̀pá mi, kò sí ẹni tó dá mi lóhùn. Ìgbà tí mo béèrè lẹ́ẹ̀kẹta ni Bísí yọ tiẹ̀ kúrò létí, ó ní, "Bàbá, kí lẹ wí?" Mo gbàgbé ọ̀rọ̀ ọ̀pá lójú ẹsẹ̀. Kì í ṣe pé mo bínú sí i. Ẹnì kan ti bi mí ní irú ìbéèrè yẹn rí, mi ò sì rí èsì fún un títí dòní. Ó yá, ẹ yọ nǹkan létí. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí, ìyá yín àgbà pàápàá kò gbọ́ ọ lẹ́nu mi kó tó fi ayé sílẹ̀.

Ẹ mọ ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta fóònù báyìí nítòsí ọjà ní Ìkọ̀lé. Ibẹ̀ la ti ń tẹ̀wé, èmi àti Múráínà. Múráínà kéré sí mi lọ́jọ́ orí díẹ̀, ẹ̀gbọ́n ló sì ń pè mí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé inú ilé ẹlòmíràn ni wọ́n ti bí i. Tàípúráítà kan níwájú mi, ọ̀kan níwájú rẹ̀, àwa méjèèjì dojú kọra. Ẹ̀yin kò mọ ariwo iṣẹ́ yẹn. Bí a bá ń tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́, ẹni tó ń kọjá ní títì á ti mọ̀ pé a wà níbẹ̀. Tá-tá-tá-tá, bí ìlà bá sì fẹ́ parí, agogo kékeré inú rẹ̀ á dún, a ó fi ọwọ́ òsì ti orí rẹ̀ padà. Bí a bá ṣe àṣìṣe lórí sitẹ́ńsù, ìwé tí wọ́n fi ń ṣe ẹ̀dà púpọ̀, a ó fi ọ̀dà pupa kan pa á, a ó máa fẹ́ atẹ́gùn sí i lẹ́nu kó lè gbẹ. Ìyàwó mi máa ń ní òórùn ọ̀dà náà ni òun fi ń mọ̀ pé mo ti wọlé.

Nǹkan kan wà nínú iṣẹ́ wa tí mi ò rí níbòmíràn mọ́. Àwọn tó ń wá sọ́dọ̀ wa, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò mọ̀wé. Wọn ò mú ìwé wá, ẹnu ni wọ́n fi ń pe ọ̀rọ̀ wọn, àwa a sì máa tẹ̀ ẹ́ bí wọ́n ṣe ń pè é. Àgbẹ̀ láti Ìgbólé á wá kọ lẹ́tà sí ọmọ rẹ̀, olóyè á wá fi ẹjọ́ sun ìjọba. Àgbàlagbà tó ń sọ ohun tó ń dùn ún kì í fẹ́ kí èèyàn ní kó tún un sọ. Bó bá tún un sọ, kò ní rí bíi ti àkọ́kọ́, ó sì lè bínú dìde. Nítorí náà, bí ọ̀kan nínú wa bá ń tẹ̀ ẹ́, èkejì á fi iṣẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀, á máa gbọ́. Bí ọ̀rọ̀ bá já mọ́ ẹni tó ń tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́, kò ní gbójú sókè, á kàn rọra ní, "Kí ni wọ́n wí?" Èkejì á sọ ọ́ fún un ní kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, oníbàárà kò sì ní mọ̀ pé nǹkan kan já. Etí kejì la ń pè é. Kò sí nínú ìwé tí wọ́n fi kọ́ wa níṣẹ́, àwa la dá a sílẹ̀.

Etí kejì yìí ló sọ Múráínà di ẹni tó mọ ètò ìsìn Ìkórè ju ọ̀pọ̀ ọmọ ìjọ lọ. Mùsùlùmí ni, kì í fi ìrun kankan ṣeré, àmọ́ kò sí orin ìjọ Áńgílíkà tí wọn ò tíì pè níwájú rẹ̀. Èmi náà mọ àdúà tí wọ́n ń ṣe níbi yìgì. Bí Iléyá bá dé, ẹran á wá sílé mi. Bí ó bá di Kérésìmesì, ilé mi ni àwọn ọmọ Múráínà ti ń jẹ ìrẹsì. Lọ́jọ́ ọdún ìjẹṣu, a kì í ṣí ṣọ́ọ̀bù rárá, àfi bí ẹnì kan bá wá kàn wá nílẹ̀kùn. A ti jókòó báyẹn fún ọdún tó pọ̀, mi ò sì rántí ọjọ́ kan tí a sùn lórí ìbínú.

Ìgbà yẹn ni kọ̀ǹpútà dé. Gbogbo ènìyàn ń sọ pé tàípúráítà ti kú, àwọn ọ́fíìsì ò gba ìwé tí a fi tẹ̀ mọ́. Ọmọkùnrin kan tó jẹ́ ará Ìsàn, tó ti kọ́ṣẹ́ rẹ̀ wá láti Ìbàdàn, ló bá wa wá a. Kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo ni agbára wa gbé. Mo ní kí ni Múráínà máa ṣe nígbà tí mo bá ń tẹ̀ ẹ́, àbí a ó máa jókòó lé ara wa lẹ́sẹ̀? Ọmọkùnrin náà rẹ́rìn-ín. Ó gbé àpótí kan sábẹ́ tábìlì mi, ó so ojú kan tó dà bíi tẹlifíṣọ̀n mọ́ ọn fún mi. Ó tún mú nǹkan pẹlẹbẹ kan jáde, ó so ó mọ́ àpótí yẹn kan náà, ó fa okùn rẹ̀ kọjá sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, ó sì gbé ojú kejì kalẹ̀ fún Múráínà, pẹ̀lú kíbọọ̀dù tirẹ̀ àti máòsì tirẹ̀. Ó ní kí àwa méjèèjì tẹ orúkọ wa. Mo tẹ tèmi, Múráínà tẹ tirẹ̀. Orúkọ mi wà lọ́dọ̀ mi, orúkọ rẹ̀ wà lọ́dọ̀ rẹ̀. Mo dìde, mo lọ wo ti Múráínà, mo padà wá wo tèmi. Mo bẹ̀rẹ̀, mo wo abẹ́ tábìlì. Àpótí kan náà ni. Ẹnu mi kò padé.

Mi ò tíì gbà á tán títí di ìsinsìnyí, ẹ jẹ́ kí n sọ òtítọ́. Bí ènìyàn méjì bá ń pe ọ̀rọ̀ sí mi létí lẹ́ẹ̀kan náà, ọ̀kan á bọ́ sórí èkejì. Báwo ni àpótí yẹn ṣe ń mọ̀ pé ohun tí Múráínà tẹ̀ kì í ṣe tèmi? Kì í ṣe èmi nìkan ló yà lẹ́nu. Obìnrin kan wá láti Ìgbólé, ó fẹ́ kọ lẹ́tà nípa ọ̀rọ̀ àárín òun àti ọkọ rẹ̀. Nígbà tó gbọ́ pé àpótí kan náà ni ojú méjèèjì ń lò, ó tú gèlè orí rẹ̀, ó fi bo ojú tó wà lọ́dọ̀ Múráínà pátápátá, kí ọ̀rọ̀ òun má baà yọ síbẹ̀. Múráínà kò lè ṣiṣẹ́ títí obìnrin náà fi parí. Ó kàn jókòó, ó ń wo gèlè. A rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wa lẹ́yìn tó lọ.

Ẹ̀rín yẹn wà lára èyí tí a rín gbẹ̀yìn. Okùn ojú kejì kò gùn tó kí a lè jókòó bíi ti tẹ́lẹ̀. Múráínà dojú kọ fèrèsé, èmi dojú kọ ògiri, a sì kẹ̀yìn síra. Kálukú ní oníbàárà tirẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, nítorí pé iṣẹ́ ń yá. Ta ló fẹ́ fi iṣẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀ láti máa gbọ́ ti ẹlòmíràn? Bí ọ̀rọ̀ bá já mọ́ ọ lọ́wọ́, o ní kí oníbàárà tún un sọ. Ariwo tàípúráítà ti lọ, ìró àpótí abẹ́ tábìlì nìkan ló kù, ó ń kùn lọ́wọ́ kan. Àwa méjì tí à ń lo ẹ̀rọ kan, ìgbà yẹn la wá jìnnà síra.

Ẹnu mi ló wá fa èyí tó burú. Ọkùnrin kan wọlé lọ́jọ́ kan, ó wo ojú kọ̀ǹpútà méjèèjì, ó ní, "Ta ló ni ín nínú ẹ̀yin méjèèjì?" Àwa méjèèjì la jọ rà á. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ dá ọkùnrin náà lẹ́rìn-ín, mo fi ẹsẹ̀ kan àpótí abẹ́ tábìlì mi, mo ní, "Èmi ni onílé. Ayálégbé lọ̀gbẹ́ni tó wà nídìí fèrèsé yẹn." Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín. Ẹ̀yìn Múráínà ni mo ń wò, mo rí i tí èjìká rẹ̀ dúró. Láti ọjọ́ náà, àwọn oníbàárà bẹ̀rẹ̀ sí í pè é ní ayálégbé. Mi ò dá wọn lẹ́kun. Kò bá mi sọ̀rọ̀ mọ́ ju ẹ káàárọ̀ lọ, nígbà tó yá, kò sọ ìyẹn náà. Èmi náà ní orí kunkun tèmi, mo ní àbúrò ni, òun ló yẹ kó wá bá mi. Ọjọ́ mọ́kànlá la fi wà nínú yàrá kan láìsọ̀rọ̀.

Ọjọ́ kọkànlá yẹn ni Bàbá Akọrin dé láti Ìrèlé. Fúnkẹ́, ọmọ rẹ̀ obìnrin, ló fi ọ̀kadà gbé e wá, ó fà á wọlé lọ́wọ́ nítorí pé ojú rẹ̀ ti fọ́ tipẹ́. Bàbá ló ń darí akọrin ìjọ wọn láti ìgbà èwe rẹ̀. Àwọn orin tó fi ohùn Èkìtì ṣe fún Ìkórè pọ̀, kò sì sí ọ̀kan nínú wọn tó wà lórí ìwé. Inú orí rẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ wà. Ó ní òun fẹ́ kí wọ́n tẹ̀ wọ́n kí òun tó lọ. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ní, "Ẹ kú uṣẹ́ o." Mo ti bẹ̀rẹ̀ àwọn lẹ́tà ìwáṣẹ́ kan nígbà yẹn, mo sì mọ̀ pé iṣẹ́ orin kì í tètè tán. Mo ní kí Fúnkẹ́ mú Bàbá lọ sídìí fèrèsé, kó tó bá tirẹ̀ lọ sọ́jà.

Láti òwúrọ̀ ni Bàbá ti ń kọrin, tí Múráínà ń tẹ̀ ẹ́. Bí Múráínà bá tẹ 'ilé', Bàbá á ní kó ka ìlà náà fún òun, á ní, "Ulé ni mo wí. Ulé ni kóo kọ." Múráínà á rẹ́rìn-ín, á tún un ṣe. Mo gbọ́ ẹ̀rín wọn, inú sì ń bí mi. Ẹ̀ẹ̀mejì ni ọ̀rọ̀ já mọ́ Múráínà lọ́wọ́, mo gbọ́ bí ìka rẹ̀ ṣe dúró. Mo mọ ohun tó yẹ kó sọ, mo sì mọ èsì rẹ̀, nítorí lẹ́ẹ̀mejèèjì ni mo gbọ́ orin ọ̀hún kedere. Kò bi mí. Mi ò sọ. Lẹ́yìn ẹ̀ẹ̀kejì yẹn ni mo pinnu pé mi ò ní gbọ́ mọ́. Ẹ lè rò pé kò ṣeé ṣe, ó ṣeé ṣe dáadáa. Mo kó gbogbo ọkàn mi lé lẹ́tà tí mo ń tẹ̀, mo sì di etí mi láìfi nǹkan kan dí i.

Nígbà tí ọ̀sán pọ́n, Bàbá ní ó ku orin kan. Mo gbọ́ ìyẹn. Ó ní kì í ṣe orin ìjọ, orin ìyàwó òun tó ti kú ni, òun kò sì kọ ọ́ sétí ẹnikẹ́ni rí. Ó kọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, mi ò fetí sí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀. Ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀. Ìka Múráínà ń rìn jẹ́jẹ́. Lẹ́yìn náà, Bàbá ní ó rẹ òun, ó gbé orí lé ẹ̀yìn àga, oorun sì gbé e lọ. Múráínà dìde, ó bu omi sínú bùútà, ó jáde lọ kírun lẹ́yìn ilé. Tẹ́lẹ̀, kò sí bó ṣe máa jáde tí kò ní sọ pé, "Ẹ̀gbọ́n, mò ń bọ̀ o."

Èmi parí àwọn lẹ́tà mi. Mo fẹ́ lọ jẹun. Ọmọ Ìsàn tó kọ́ wa ní bí a bá ti parí iṣẹ́, kí a ní kí ẹ̀rọ tọ́jú rẹ̀, kí a tó pa á. Mo ní kó tọ́jú tèmi. Mo yíjú wo ti Múráínà, ojú kọ̀ǹpútà náà ti ṣú, bó ṣe máa ń ṣú fúnra rẹ̀ bí wọn ò bá fọwọ́ kàn án fún ìgbà díẹ̀. Mo ní bóyá ó ti parí. Mo rí Bàbá lórí àga. Mo mọ̀ nínú ara mi pé ó yẹ kí n jáde sẹ́yìn ilé, kí n béèrè pé, "Ṣé kí n pa á?" Ọ̀rọ̀ márùn-ún péré ni. Ẹnu tí mi ò fi kí i fún ọjọ́ mọ́kànlá, ṣé ẹnu yẹn ni n óò fi bi í? Mo tẹ bọ́tìnì ara àpótí. Ó kùn díẹ̀, ó dákẹ́.

Múráínà wọlé, omi ṣì wà lójú rẹ̀. Ó jókòó, ó mi máòsì. Ó tún un mì. Ó bẹ̀rẹ̀, ó wo abẹ́ tábìlì mi, ó rí i pé iná ara àpótí ti kú. "Ẹ̀gbọ́n," ó ní, "kí lẹ ṣe?" Ohùn rẹ̀ kéré débi pé mo fẹ́rẹ̀ẹ́ má gbọ́. Mo ní ṣé kò tíì tọ́jú rẹ̀ ni. Ó ní wọ́n ní bí a bá parí ni, òun kò sì tíì parí. Nígbà tí a wà nídìí tàípúráítà, ohun tí o bá ti tẹ̀ ti wà lórí ìwé nìyẹn, kò sí ẹni tó lè mú un kúrò àfi kó ya á. Àwa méjèèjì rò pé ohun tí ojú wa bá ti rí nínú kọ̀ǹpútà ti wà níbì kan. A tan ẹ̀rọ padà. Kò sí orin kan ṣoṣo níbẹ̀. Kò sí eérú, kò sí ìwé tó ya, kò sí ohunkóhun tí èèyàn lè ṣà nílẹ̀. Mi ò rí irú rẹ̀ rí láyé mi.

Bàbá gbórí sókè lórí àga. Ó ní, "Ṣé ẹ ti ṣe tán? Kí á máa bá a lọ?" Mo la ẹnu láti sọ ọ́. Múráínà gbé ọwọ́ sókè sí mi. Ó ní, "Bàbá, ẹ má bínú. Wọ́n mú iná lọ, gbogbo iṣẹ́ wa ló bá a lọ." Fáànù ṣì ń yí lórí wa. Atẹ́gùn rẹ̀ ń fẹ́ aṣọ Bàbá. Múráínà fi orí ìka ẹsẹ̀ rìn dé ara ògiri, ó pa fáànù náà.

Bàbá fetí sílẹ̀ títí fáànù fi yí tán. Ó wá ní, "Iná tiyín yìí mà ń lọ díẹ̀díẹ̀. Ìgbà tí àpótí yín dákẹ́ ni mo ti jí. Fáànù wá ṣẹ̀ṣẹ̀ dúró." Ó kọjú sí apá ibi tí mo wà gan-an, ojú tí kò ríran, ó ní, "Kò burú. N óò padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, n óò tún un kọ. Ṣùgbọ́n láti àárọ̀ tí mo ti wà níhìn-ín, mi ò gbọ́ kí ẹ̀yin méjèèjì bá ara yín sọ̀rọ̀. Kí n bá yín lórí ọ̀rọ̀ nígbà tí mo bá dé." Fúnkẹ́ wá mú un lọ. Ìtìjú ọjọ́ yẹn kò kúrò lára mi. Mo bẹ Múráínà kí ilẹ̀ tó ṣú. Ó ní òun náà jẹ̀bi, òun ìbá ti sọ fún mi pé òun ń bọ̀.

Bàbá kò padà wá. Àìsàn dá a gúnlẹ̀, kò sì dìde níbẹ̀. Lẹ́yìn tó kú, Fúnkẹ́ wá bá wa, ó ní ìjọ fẹ́ kọ orin rẹ̀ níbi ìsìnkú, ó ní Bàbá sọ fún òun pé orin ìyá òun wà lọ́dọ̀ wa. A ní kó fún wa láàyè díẹ̀. Mo gbé àga mi lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, mo jókòó ti Múráínà, mo fa kíbọọ̀dù rẹ̀ sọ́dọ̀ mi. Ó di ojú rẹ̀, ó ń pè é, mo ń tẹ̀ ẹ́. Àwọn orin Ìkórè, ó rántí púpọ̀ nínú wọn, àwọn akọrin sì parí èyí tó kù fún wa. Ẹ wo Mùsùlùmí tó ń kọ orin ìjọ fún mi, tí omi ń bọ́ lójú rẹ̀. Ó wá kan orin ìyàwó. Múráínà pè é:

"Ẹsẹ̀ rẹ ni mo gbọ́ lẹ́yìn ulé,
Mo mọ̀ pé o ti odò dé.
Ọwọ́ rẹ ni mo gbọ́ nídìí ọlọ,
Mo mọ̀ pé ọ̀sán ti pọ́n."

Ó ní ẹsẹ méjì nìyẹn, mẹ́rin ni Bàbá kọ. Ó ní, "Ohùn rẹ ni mo..." Ó dúró. Ó tún bẹ̀rẹ̀ láti òkè, ibẹ̀ kan náà ló dúró sí. Ó la ojú, ó yíjú sí mi bó ṣe máa ń ṣe láti ìgbà tí a ti mọra, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, kí ni wọ́n wí?"

Èmi náà wà nínú yàrá yẹn. Kò sí ju ìgbésẹ̀ mẹ́ta lọ láàárín èmi àti àga Bàbá. Ọwọ́ mi wà lórí kíbọọ̀dù, mi ò sì ní ohun tí mo fẹ́ tẹ̀.

Lọ́jọ́ ìsìnkú, àwọn akọrin Ìrèlé kọ ẹsẹ kìíní, wọ́n kọ ìkejì, wọ́n sì jókòó. Gbogbo ìjọ rò pé bí orin náà ṣe mọ nìyẹn, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n sì ń kọ ọ́ títí di ìsinsìnyí. Múráínà ti lọ bá Bàbá báyìí, èmi nìkan ni mo kù tó mọ̀ pé ẹsẹ mẹ́rin ni. Lẹ́yìn ìsìn, Fúnkẹ́ kúnlẹ̀ níwájú mi nínú aṣọ dúdú, ó ní òun dúpẹ́ púpọ̀, pé a kò jẹ́ kí orin ìyá òun sọnù. Mo fà á dìde. Mo ní kò tọ́pẹ́.